EAGLE gba kúìtì nótíìsì: Ta ló ni àwòrán bọ́ọ̀dù tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó yà?

Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà, ọdún 2026 ni ilé-iṣẹ́ Autodesk ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dá pé EAGLE yóò kógbá sílé. EAGLE yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn sọ́fítíwíà tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé fún yíya àwòrán bọ́ọ̀dù iná, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tó máa ń wà nínú rédíò, ṣájà fóònù, ínfátà àti mítà iná. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ti kéde rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn oníbàárà ní ọdún mẹ́ta láti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Lójú ẹni tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà tàbí Jáńkàrà, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ìjà tí wọ́n ń jà nílẹ̀ òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Erékùṣù Èkó, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ti kọjá kí wọ́n tú rédíò kí wọ́n sì fi òjé jó o padà. Ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n fẹ́ máa ṣe: èyí tó ń gbé ilé bọ́ sórí ínfátà nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, èyí tó ń pa ẹ̀rọ omi nígbà tí táńkì bá kún, èyí tó ń ṣọ́ bátìrì kó má baà jóná. Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó kọjá ẹyọ kan ṣoṣo kó tó di ọjà, ó gbọ́dọ̀ ní àwòrán bọ́ọ̀dù. Inú sọ́fítíwíà ni àwòrán náà ń gbé. Bí sọ́fítíwíà bá wá ti ilẹ̀kùn, níbo ni àwòrán fẹ́ sùn?

<b>Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà</b>

Ọdún 1988 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ CadSoft gbé EAGLE jáde. Nígbà yẹn, rírà ni wọ́n ń rà á. Ẹni tó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó ti di tiẹ̀ títí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò fi gbó. Ẹ̀yà kékeré kan tún wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, òun ló sì sọ EAGLE di ààyò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kódà, Arduino, bọ́ọ̀dù kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poly àti Yunifásítì fi ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, inú EAGLE ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ nínú àwòrán rẹ̀ tí wọ́n gbé síta fún aráyé.

Lọ́dún 2009, ilé-iṣẹ́ Farnell ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra CadSoft. Lọ́dún 2016, Autodesk gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2017, òfin yí padà: kò sí rírà mọ́, owó oṣooṣù tàbí owó ọdọọdún ni, bí ẹni tó ń sanwó DSTV. Àwọn ẹ̀yà tó jáde látìgbà náà sì máa ń fẹ́ kí èèyàn wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní báyìí, Autodesk ní kí àwọn tó ń lo EAGLE kó lọ sínú Fusion, sọ́fítíwíà ńlá kan tó kó iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ bọ́ọ̀dù pọ̀ sójú kan.

Ẹni tó bá ti gbé yàrá kan n'Ísàlẹ̀ Èkó rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí i. Bàbá onílé kú, àwọn ọmọ ta ilé, onílé tuntun dé, ó fowó lé owó ilé, nígbà tó yá ó ní òun fẹ́ wó ilé kóun fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́rin. Kò sófin tó tẹ̀ lójú. Ilé rẹ̀ ni. Ayálégbé tó ti kun ògiri, tó ti ṣe síìlì, tó ti fi owó ara rẹ̀ tún páìpù ṣe ni yóò máa wá ibi tí yóò kó ẹrù rẹ̀ sí.

<b>Dọ́là ni onílé yìí ń gbà</b>

Ìṣòro kìíní tí àwọn tó ń lo sọ́fítíwíà báyìí ń kojú ni owó. Lọ́dún 2017 tí EAGLE di àyálò, ẹ̀yà rẹ̀ tó wà láàrin jẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́dún. Pẹ̀lú iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là nígbà náà, tó jẹ́ bíi 305 náírà, owó náà kò ju nǹkan bí 30,500 náírà lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là fò sókè. Ní 2025, nígbà tó wà ní nǹkan bí 1,500 náírà, ọgọ́rùn-ún dọ́là kan náà ti di 150,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìyẹn ni pé owó oṣù méjì òṣìṣẹ́ kò tó o. Ti Altium, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò, kò ṣeé fẹnu sọ: ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni lọ́dún.

Àní, ẹni tó lówó lọ́wọ́ gan-an lè má rí ọ̀nà san án. Láàrin ọdún 2022 sí 2023, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ dá lílo káàdì náírà dúró fún ọjà ilẹ̀ òkèèrè. Ó di ọdún 2025 kí àwọn kan nínú wọn tó tún ṣí i padà. Láàrin ìgbà yẹn, ẹni tí owó ọdún rẹ̀ bá pé gbọ́dọ̀ máa wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní London kó bá òun san án.

Fusion ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò fi ṣòwò, àmọ́ ó ní ààlà. Bọ́ọ̀dù tí èèyàn lè yà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó lọ, ìyẹn bíi mẹ́wàá sí mẹ́jọ. Àwòrán ṣájà fóònù yóò wọ inú rẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀dù ínfátà tó ní òòlẹ̀ irin gbàǹgbà tó ń gba ooru kúrò lára transistor, ó ṣòro kó tó wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ínfátà ni ọjà tó ń tà n'Ékòó.

<b>Iná, dátà àti tòkunbọ̀</b>

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Fusion ń tọ́jú iṣẹ́ oníbàárà sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A ti kúrò ní bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà fún yúnítì kan, kó tó tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ ro ọ̀dọ́ kan tó jókòó sí ẹ̀yìn ọjà ní Òkè Àrìn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò gbé ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Iná lọ, ó sáré tan jẹnẹrétọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí gbirigbiri, àwòrán tó ń yà látàárọ̀ kò tíì wọlé. Sọ́fítíwíà tó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń tọ́jú fáìlì sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ìyẹn ló bá irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà kò rò mọ́ ọn. Gbogbo wọn ló ní àpótí kan nínú tí wọ́n ń kó àwòrán ẹ̀yà ara iná sí, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn. Ohun tó wà ní Japan àti Amẹ́ríkà ló kún àpótí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ rélùweè Blue Line láti Marina dé Mile 2, tó tún wọ bọ́ọ̀sì dé Alábà, ohun tó bá níbẹ̀ ni yóò rà. Relay tí wọ́n tú lára ínfátà àlòkù, transformer tí kò ní orúkọ, ẹsẹ̀ wọn kì í sábà bá àwòrán mu. Olùyàwòrán gbọ́dọ̀ fi rúlà wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yà á sínú àpótí náà.

Àṣìṣe kékeré lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo transistor méjì tí kò wọ́n, BC547 àti 2N3904. Wọ́n jọra bí ìbejì, ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kọjú ibi pẹlẹbẹ wọn síra, ẹsẹ̀ apá òsì BC547 ni collector, ẹsẹ̀ apá òsì 2N3904 sì ni emitter. Ẹni tó bá fi ọ̀kan yàwòrán, tó wá ra èkejì nítorí pé òun ló wà lórí tábìlì, bọ́ọ̀dù rẹ̀ yóò dára lójú, kò sì ní ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń fọwọ́ ṣe bọ́ọ̀dù nílé náà ní tiwọn. Wọ́n á tẹ àwòrán sórí bébà dídán ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù aṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó bàbà, wọ́n á wá rì í sínú omi ferric chloride tí yóò jẹ bàbà tí kò wúlò dànù. Bí ọmọ tó ń tẹ̀wé bá ṣèèṣì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fún àwòrán pọ̀ kó lè gba ojú ìwé, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. IC tó ní ogójì ẹsẹ̀, ogún lápá kan, fi mìlímítà 2.54 jìnnà síra láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Bí àwòrán bá fi ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí i, nígbà tí yóò fi dé ẹsẹ̀ ogún, ó ti yẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà kan àbọ̀. Kò ní wọ ihò.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi fi àwòrán ránṣẹ́ sí Shenzhen lórílẹ̀-èdè China. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ ń polówó bọ́ọ̀dù kékeré márùn-ún ní dọ́là méjì. Owó ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ ló máa ń ju owó bọ́ọ̀dù lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe ẹsẹ̀ transistor, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò san owó ọkọ̀.

<b>Ilé tí kò ní onílé</b>

Ọ̀nà kan wà tí kò sí dọ́là nínú rẹ̀. Lọ́dún 1992, Jean-Pierre Charras, olùkọ́ kan ní Grenoble lórílẹ̀-èdè Faransé, bẹ̀rẹ̀ sọ́fítíwíà kan tó pè ní KiCad. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni lè tú u wò, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹnjiníà ń wò ó bí ohun ìṣeré. Nígbà tí CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ńlá tó wà lẹ́bàá Geneva, wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òṣìṣẹ́ àti owó ràn án lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún 2013, ó yí padà. Ẹ̀yà kẹsàn-án rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2025. Kò sí ààlà ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà, kò sí àkáǹtì tí èèyàn gbọ́dọ̀ wọlé sí, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí.

Ó ju gígábáìtì kan lọ láti wà á sórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn sì jẹ́ owó dátà. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti wà á lẹ́ẹ̀kan ní Lafiají, ó lè fi fláàṣì gbé e fún ẹni mẹ́wàá ní Ìta Fájì, kò sì sí òfin kankan tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ẹ̀yà karùn-ún, tó jáde ní 2018, ni KiCad ti lè ṣí àwòrán tí wọ́n yà nínú EAGLE. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ti Altium àti ti EasyEDA.

Kí ó má di pé orin ìyìn nìkan ni wọ́n ń kọ, KiCad ní ẹ̀jẹ́ tirẹ̀. Ó le díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Àwòrán tí wọ́n bá tọ́jú nínú ẹ̀yà tuntun, ẹ̀yà àtijọ́ kì í lè ṣí i, nítorí náà ọ̀rẹ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà kan náà. Bí àwòrán bá ti EAGLE bọ́ sínú rẹ̀, èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo rẹ̀ wò fínnífínní. Kò sì sí ọ̀gá tí èèyàn fẹ́ pè lórí fóònù bí nǹkan bá dàrú. Ilé tí kò ní onílé, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n ń tún òrùlé ṣe.

EasyEDA ti China náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì rọrùn ju KiCad lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà ara iná àti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà wọn ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn rà. Kò burú, bí èèyàn bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọlé.

<b>“Ṣebí kràkì la ń lò?”</b>

Ọ̀pọ̀ ni yóò gbọ́ gbogbo èyí tí yóò rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó ń sanwó sọ́fítíwíà n'Ékòó, kràkì ni gbogbo ayé ń lò. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí òótọ́, òun gan-an ló sì fa ìdí tí ìṣòro náà fi fara pa mọ́. Kràkì kì í ná èèyàn lówó lónìí, ọ̀la ló ń gbowó tirẹ̀. Ó lè gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé tí yóò jẹ fáìlì ọdún mẹ́ta ní alẹ́ ọjọ́ kan. Oníbàárà ilẹ̀ òkèèrè tó bá béèrè ẹ̀rí pé sọ́fítíwíà náà jẹ́ ojúlówó, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn án. Òfin ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá ti ọdún 2022, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, sì ka sọ́fítíwíà mọ́ ohun tí òfin dáàbò bò.

Èyí tó burú jù ni pé kràkì ń dá ọ̀lẹ sílẹ̀. Ẹni tó rò pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní wá ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní tòótọ́. Onílé ni yóò máa sá fún títí.

<b>Níbo ni ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọba wà?</b>

Ní ọ̀pọ̀ Poly ní Nàìjíríà, Proteus ti ilé-iṣẹ́ Labcenter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ó dára, nítorí ó lè dán ẹ̀rọ wò lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó jó ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde, tí kò lè ra Proteus, tí kò sì mọ òmíràn, ìmọ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ lè fi KiCad kún un láìná kọ́bọ̀, kò sí páálí tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ní Àbújá kó tó ṣeé ṣe.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT lọ́dún 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ méjìlá ni wọ́n kọ́kọ́ tò sílẹ̀: dátà, ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣíṣe géèmù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Yíyàwòrán bọ́ọ̀dù kò sí níbẹ̀. Ìlú tó ń ra ínfátà àti mítà lójoojúmọ́ nílò àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe inú wọn. Àjọ LSETF ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń ṣètò ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò kékeré, náà lè wo ibẹ̀. Gbọ̀ngán kan tó ní iná tó dúró, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá àti ìtẹ̀wé tó ń tẹ àwòrán ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, yóò ṣe ju ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ.

<b>Ohun tó yẹ ní ṣíṣe</b>

Ẹni tó bá ní àwòrán nínú EAGLE, kó má ṣe fi dọ̀la. Kó ṣí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbé wọn wọ inú KiCad tàbí Fusion, kó yẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, kó sì fi ẹ̀dà sí orí fláàṣì méjì tí kì í gbé inú àpò kan náà. Láti ẹ̀yà kẹfà EAGLE, ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà ni fáìlì náà, nítorí náà sọ́fítíwíà mìíràn lè tú u. Ẹni tó ní ẹ̀yà àtijọ́ tí wọ́n rà pátápátá kó tó di 2017, kó tọ́jú kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ bí ẹyin.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé fáìlì Gerber tó fi ránṣẹ́ sí China ti tó. Gerber dà bí fọ́tò aṣọ: télọ̀ lè rí bí aṣọ ṣe rí, àmọ́ pátẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fi gé e kò sí níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n fi ihò kan kún bọ́ọ̀dù lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó ní Gerber nìkan yóò tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹ ni. Bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lọ́rùn. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. EAGLE ti fi ọdún mẹ́ta kìlọ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn, ìyẹn ju ohun tí ọ̀pọ̀ onílé Èkó máa ń ṣe lọ. Onílé tó ń bọ̀ lè má fún ni tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ ẹni tó yàwòrán ni ọ̀rọ̀ wà báyìí: kó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ń sùn, kó sì rí i dájú pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.